WỌ́N ṢẸ̀WỌ̀N NÍTORÍ IGBÓ, OLÓWÓ LÓ KỌ́KỌ́ TÀ Á!

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Illinois l'Ámẹ́ríkà, níbi tí ìlú Chicago wà. Igbó tí ọlọ́pàá ń tìtorí ẹ̀ kó èèyàn sí àtìmọ́lé ló di ọjà tí wọ́n ń tà ní gbangba. Dúdú àti funfun ló jọ ń mu ún, àmọ́ ìwádìí ẹgbẹ́ ACLU ní 2020 fi hàn pé jákèjádò Amẹ́ríkà, bí wọ́n ṣe ń mú aláwọ̀ dúdú ju ìlọ́po mẹ́ta ti òyìnbó lọ.

Òfin ọdún 2019 tí Gómìnà J. B. Pritzker fọwọ́ sí ló ṣí ọjà náà. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ló lè tà á o. Ìwé àṣẹ lónkà. Ìjọba ṣèlérí pé àwọn máa fojú rere wo ẹni tí wọ́n ti mú rí, àti ará àdúgbò tí ìyà náà pọ̀ fún jù. Fọ́ọ̀mù tó jẹ́ 5,000 dọ́là, 2,500 ni tiwọn.

Àmọ́ nígbà tí ọjà ṣí ní January 1, 2020, àwọn tó ti ń ta igbó fún aláìsàn tẹ́lẹ̀ nìkan ló láṣẹ. Wọ́n pa ju mílíọ̀nù 3 dọ́là lọ́jọ́ kan ṣoṣo! Àkọ́dé odò ló ń pọn omi tó tòrò.

Ní oṣù September, nínú àwọn tó lé ní 900 tó gba fọ́ọ̀mù, 21 péré ni wọ́n ní ó yege láti ṣẹ́ kèké fún ìwé àṣẹ 75. Ariwo ta! Àṣé òfin ní ihò: olówó tó bá ti gba òṣìṣẹ́ mẹ́wàá, tó ju ìdajì wọn jẹ́ ará àdúgbò ìyà, lè fi orúkọ wọn wọlé. Òṣìṣẹ́ ló lorúkọ, ọ̀gá ló ni ṣọ́ọ̀bù.

Ní 2021 wọ́n tún òfin ṣe, wọ́n fi ìwé àṣẹ 110 kún un. Ni ẹjọ́ bá tún dá a dúró di 2022. Àwọn míì ń san owó ṣọ́ọ̀bù tí wọn ò tíì tajà níbẹ̀. Bánkì ńlá ò sì fẹ́ yá wọn lówó, torí òfin ìjọba àpapọ̀. November 2022 ni ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ lára wọn tó ṣí, ó kù díẹ̀ kó pé ọdún mẹ́ta.

Ìwé àṣẹ láìsí owó ìdókòwò, ìsọ̀ tí kò lọ́jà nínú ni. Ẹni tí ìjọba bá fẹ́ rẹ̀ lẹ́kún, kí wọ́n tètè jẹ́ kó wọjà, kó tó di pé ọjà tú.