Wíwá Ojúko Ìfabẹ́rẹ́wòsàn Lára Ẹran Ọ̀sìn àti Ìlò Rẹ̀

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé bí àwọn dókítà ẹran ṣe ń wá ojúko tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ gún lára ẹran, àti ohun tí wọ́n ń lo gígún náà fún. Ó fi hàn pé mímọ orúkọ ojúko kò tó láti mọ ibi tí ó wà. Eegun ara ẹran tí wọ́n ń tọ́jú ni atọ́nà. Ó sì gbé ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ lórí ìwúlò ìlànà náà yẹ̀ wò.

Ìfáàrà

Ìfabẹ́rẹ́wòsàn ni fífi abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ gún àwọn ojúko kan pàtó lára láti dẹ ìrora tàbí láti ran ìwòsàn lọ́wọ́. Ilẹ̀ Ṣáínà ni ó ti ṣẹ̀ wá. Abẹ́rẹ́ yìí yàtọ̀ sí èyí tí nọ́ọ̀sì fi ń fún aláìsàn lóògùn, nítorí pé kò ní ihò nínú, kò sì gbé oògùn wọ ara. Ó yàtọ̀ sí gbẹ́rẹ́ pẹ̀lú. Ẹni tó ń sín gbẹ́rẹ́ a máa fi abẹ ya awọ ara, a sì fi oògùn ra ojú rẹ̀. Ní ti ìfabẹ́rẹ́wòsàn, gígún náà fúnra rẹ̀ ni iṣẹ́.

Ìtàn àwọn ará Ṣáínà sọ pé Sun Yang, tí wọ́n tún ń pè ní Bo Le, tó gbé ayé ní ọgọ́rùn-ún ọdún keje ṣáájú ìbí Jésù, ni baba ìmọ̀ ìtọ́jú ẹṣin. Ní 1608, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan, Yu Benyuan àti Yu Benheng, ṣe àkójọ ìwé kan lórí ìtọ́jú ẹṣin tí ó di gbajúmọ̀, Yuan Heng Liao Ma Ji. Ní 1974, wọ́n dá ẹgbẹ́ International Veterinary Acupuncture Society sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, láti máa kọ́ àwọn dókítà ẹran ní ìmọ̀ yìí.

Ìṣòro Orúkọ àti Ibùdó

Ọ̀nà méjì ni àwọn ojúko ara ẹran gbà dé inú ìwé. Ọ̀nà kìíní ni ti àwọn oníṣègùn ẹran ilẹ̀ Ṣáínà àtijọ́, tí wọ́n to ojúko ẹṣin àti ti màlúù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí wọ́n sì sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan lórúkọ. Ọ̀nà kejì ni ti àwọn dókítà ẹran ọgọ́rùn-ún ọdún ogún, tí wọ́n mú àwòrán ojúko ara ènìyàn, tí wọ́n sì gbé e ka ara ẹran. Àwọn ojúko bẹ́ẹ̀ ní lẹ́tà àti nọ́ńbà, bí àpẹẹrẹ BL 23 àti ST 36.

Ọ̀nà kejì yìí rọrùn láti kọ́ akẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n ara ènìyàn àti ara ẹran kò bára mu délẹ̀délẹ̀. Eegun ẹ̀yìn tí eegun ìhà so mọ́ jẹ́ 12 lára ènìyàn, 13 lára ajá àti màlúù, 18 lára ẹṣin. Eegun ẹ̀yìn apá ìbàdí, tí eegun ìhà kò so mọ́, jẹ́ 5 lára ènìyàn, 7 lára ajá, 6 lára màlúù àti ẹṣin. Ènìyàn ní ìka márùn-ún lọ́wọ́ kan, ṣùgbọ́n ìka kan ṣoṣo ni ẹṣin fi ń tẹ ilẹ̀ ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, ojúko tí ó bá wà ní ṣóńṣó ìka kékeré ènìyàn kò ní ibùdó kan tó bá a mu gẹ́lẹ́ lára ẹṣin.

Àpẹẹrẹ tó hàn jù lọ ni ojúko tí wọ́n ń pè ní Bai Hui. Lára ènìyàn, àtàrí ni ó wà. Lára ajá, ẹṣin àti màlúù, ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ni ó wà, níbi tí eegun ìbàdí tó kẹ́yìn ti pàdé eegun ìdí. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá há orúkọ nìkan sórí yóò wá ojúko ìbàdí ẹṣin lọ sí orí rẹ̀.

Bí Wọ́n Ṣe Ń Wá Ojúko

Ìwọ̀n àkọ́kọ́ ni cun. Lára ènìyàn, ìbú àtàǹpàkò aláìsàn fúnra rẹ̀ ni cun kan. Wọ́n sì ka àárín ìgúnpá sí ọrùn ọwọ́ sí cun 12. Ìka kò dọ́gba, ìdí nìyí tí cun kì í fi í ṣe iye mìlímítà kan pàtó. Ìpín ara ni. Bákan náà ni fún ẹran: ara rẹ̀ ni wọ́n fi ń wọn ara rẹ̀. Cun ajá kékeré kò lè tó cun ẹṣin láé.

Lẹ́yìn èyí, ọwọ́ ni wọ́n fi ń wá eegun. Láti rí Bai Hui lára ajá, dókítà yóò gbé ìka méjì lé ṣóńṣó eegun ìgbáròkó lápá ọ̀tún àti lápá òsì, yóò sì fi ìka mìíràn tọ àárín ẹ̀yìn bọ̀ títí yóò fi bọ́ sínú kòtò kan lẹ́yìn ìlà tó so ṣóńṣó méjèèjì pọ̀. Kòtò náà ni ojúko.

Láti rí BL 23 lára ajá, yóò wá eegun ìhà tó kẹ́yìn, yóò sì tọ̀ ọ́ lọ sókè dé ẹ̀yìn. Eegun ẹ̀yìn tí ó bá níbẹ̀ ni ìkẹtàlá. Èyí tó tẹ̀ lé e ni ti ìbàdí àkọ́kọ́. Yóò ka eegun ìbàdí dé àárín ìkejì àti ìkẹta, yóò sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní ìwọ̀n cun kan àbọ̀. Ọ̀tún ní tirẹ̀, òsì náà ní tirẹ̀. Bí ó bá ṣi eegun kan kà, ojúko mìíràn ni yóò gún.

ST 36 wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn, nísàlẹ̀ orúnkún, lórí ẹran ara tó wà ní ẹ̀gbẹ́ òde ojúgun. GV 26 wà láàárín imú àti ètè òkè, lójú ìlà tó pín ibẹ̀ sí méjì.

Bí Wọ́n Ṣe Ń Lò Ó

Wọ́n máa ń fi Bai Hui àti BL 23 tọ́jú ẹ̀yìn dídùn àti àìlera ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Wọ́n ń lo ST 36 fún ọ̀rọ̀ inú àti oúnjẹ dídà. GV 26 jẹ́ ti pàjáwìrì, nígbà tí mímí ẹran bá dáwọ́ dúró. Abẹ́rẹ́ a máa wà lára ẹran fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 sí 30. Àwọn mìíràn a máa so iná mànàmáná tí kò lágbára mọ́ abẹ́rẹ́ náà, àwọn mìíràn a sì máa fi ìka tẹ ojúko lásán.

Iṣẹ́ náà ní ewu tirẹ̀. Ẹran ara tó bo eegun ìhà kò nípọn, nítorí náà abẹ́rẹ́ tí wọ́n bá gún wọlé jù níbẹ̀ lè lu ẹ̀dọ̀fóró. Wọn kì í gún ojú egbò tó kẹ̀ tàbí kókó jẹjẹrẹ, wọ́n sì ń ṣọ́ra gidigidi fún ẹran tó lóyún.

Ohun tí Ẹ̀rí Fi Hàn

Ní 1976, Bruce Pomeranz àti Daryl Chiu fi eku ṣe àyẹ̀wò. Wọ́n rí i pé ìfabẹ́rẹ́gún dín ìrora kù, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fún àwọn eku náà ní oògùn naloxone, tí í máa dí iṣẹ́ èròjà apàrora inú ara lọ́wọ́, àǹfààní náà pòórá. Èyí tọ́ka sí i pé iṣan ìmọ̀lára àti ọpọlọ ni gígún náà ń bá ṣiṣẹ́. Ní 1979, Janssens, Altman àti Rogers jábọ̀ nípa ìlò GV 26 fún àwọn ẹran tí mímí tàbí ọkàn wọn dáwọ́ dúró lábẹ́ oògùn akunnilóorun.

Síbẹ̀, ní 2006, Habacher, Pittler àti Ernst yẹ àyẹ̀wò 31 tó ní ìfiwéra wò. 14 nínú wọn ni wọ́n ti fi ìbò pín ẹran sí ìsọ̀rí. Ìpinnu wọn ni pé ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kò lágbára tó láti fọwọ́ sí ìlànà náà, tàbí láti kọ̀ ọ́, fún àìsàn kankan lára ẹran ọ̀sìn.

Ìpinnu yìí ṣe pàtàkì nítorí pé ẹran kò lè sọ bí ara ṣe rí lára rẹ̀. Ẹni tó ni ín ni ó ń sọ pé ó ti yá, ìfẹ́ rẹ̀ sí ẹran náà sì lè mú kí ó rí ìyípadà tí kò sí. Títiro a sì máa lọ, a máa bọ̀ fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá gbára lé abẹ́rẹ́ nìkan nígbà tí eegun ti dá tàbí tí kòkòrò àìsàn wà nínú ara, ẹran náà ni yóò jìyà ìdádúró. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí dókítà ẹran kọ́kọ́ wádìí àìsàn náà, kí abẹ́rẹ́ sì jẹ́ àfikún sí ìtọ́jú.

Ìgúnlẹ̀

Àlàyé òkè yìí fi hàn pé ìmọ̀ egungun ni ìpìlẹ̀ ìfabẹ́rẹ́wòsàn lára ẹran. Fún olùkọ́ tó ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì tàbí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní èdè Yorùbá, ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀. Èkínní ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ fọwọ́ kan eegun ẹran, kí ó sì kà á, kí ó tó kọ́ orúkọ ojúko. Èkejì ni pé bí ìlànà kan ṣe pẹ́ tó nílẹ̀ yàtọ̀ sí bí ẹ̀rí rẹ̀ ṣe lágbára tó. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ lè sọ méjèèjì láì fi ọ̀kan bo èkejì mọ́lẹ̀.