Ohun tí Ń Jẹ Páìpù Kọnkéré Lábẹ́ Ilẹ̀

Símẹ́ńtì kì í jẹrà bí igi, bẹ́ẹ̀ ni ikán kò lè jẹ ẹ́. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe gbà pé páìpù kọnkéré tí a rì mọ́lẹ̀, láti máa kó omi ìgbẹ́ àti ìdọ̀tí kúrò nínú ìlú, yóò wà títí láé. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ní Los Angeles ní Amẹ́ríkà àti ní Melbourne ní Ọsirélíà, a ti rí irú páìpù bẹ́ẹ̀ tí inú rẹ̀ jẹ.

Ohun ìyanu ibẹ̀ ni pé apá ìsàlẹ̀ tí omi ń gbà kọjá kì í sábà ní àbùkù. Òkè tí omi kò kàn ni ó ń jẹ. Ìdí rẹ̀ nìyí. Omi ìdọ̀tí ní imí-ọjọ́ nínú. Nínú ẹrẹ̀ yíyọ̀ tí ó lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ páìpù, níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé, àwọn kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí a máa sọ imí-ọjọ́ yìí di gáàsì tí ń rùn bí ẹyin tí ó bàjẹ́. Gáàsì náà a gòkè lọ bá òrùlé páìpù tí ó tutù fún omi. Kòkòrò ẹ̀yà mìíràn wà níbẹ̀ tí ń sọ ọ́ di ásíìdì, irú èyí tí a ń dà sínú bátìrì mọ́tò. Ní Melbourne ni C. D. Parker ti ya kòkòrò yìí sọ́tọ̀ láti ara kọnkéré tí ó jẹ, tí ó sì kọ ìwé nípa rẹ̀ ní ọdún 1945.

Òkúta ẹfun ni a fi ń ṣe símẹ́ńtì, ẹfun àti ásíìdì kò sì lè bára gbé. Ẹni tí omi ọsàn wẹ́wẹ́ bá ti dà sí ilẹ̀ símẹ́ńtì rẹ̀ rí yóò mọ̀. Kọnkéré líle a di ohun funfun tí ó rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù, títí òrùlé páìpù yóò fi tín-ín-rín tí títì yóò sì rì sínú rẹ̀. Ooru a máa mú iṣẹ́ náà yá. Àwọn ẹnjinníà a máa lo páìpù amọ̀ sísun tàbí ti rọ́bà dípò rẹ̀, wọn a sì mú kí ó da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kí omi má baà dúró.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa náà. Gáàsì kan náà ń ṣiṣẹ́ nínú kòtò ìgbẹ́ onísímẹ́ńtì tí ó wà lẹ́yìn ilé: òkè ìdérí lè dán, kí abẹ́ rẹ̀ sì ti jẹ dé irin. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọdé ṣeré lórí èyí tí ó ti pẹ́. Gáàsì náà a máa pa ènìyàn, bí ó bá sì ti pọ̀ jù, imú kì í gbọ́ òórùn rẹ̀ mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá dákú sínú kòtò, ẹ má ṣe wọ inú rẹ̀ tọ̀ ọ́ lọ. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń kú níbẹ̀ ni àwọn tí ó sáré wọlé láti yọ ẹlòmíràn. Ẹ ké sí àwọn panápaná, tí wọ́n ní ohun èlò tí a fi ń mí nínú èéfín.