Ipa Èdè Abínibí Nínú Gẹ̀ẹ́sì Ojoojúmọ́ Àwọn Elédè Sípáníìṣì

1. Ìfáárà

Nígbà tí ẹni tí ó ń sọ èdè Sípáníìṣì bá ń kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, àwọn àṣìṣe kan wà tí ó máa ń ṣe léraléra. Olùkọ́ tí kò gbọ́ èdè akẹ́kọ̀ọ́ náà lè ka irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ sí àìfarabalẹ̀. Robert Lado, nínú ìwé rẹ̀ Linguistics Across Cultures tí ó jáde ní 1957, ṣàlàyé pé ohun tí ó bá jọ ti èdè abínibí akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò rọrùn fún un, èyí tí ó bá sì yàtọ̀ ni yóò nira. Ohun tí bébà yìí fẹ́ fi hàn ni pé àlàyé Lado wúlò púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ní ibi tí ó mọ.

2. Olùwà àti wúnrẹ̀n "do"

Nínú èdè Sípáníìṣì, àfòmọ́ ìparí tí ó wà lára ọ̀rọ̀-ìṣe ni ó sábà máa ń tọ́ka sí olùwà. Nítorí náà, kò pọn dandan kí olùwà hàn sójú gbólóhùn:

(1) (a) Es importante. 'Ó ṣe pàtàkì.'
(b) Llueve. 'Òjò ń rọ̀.'

Gẹ̀ẹ́sì kò gba èyí. "It is important" àti "It is raining" ni ó tọ̀nà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé "it" inú gbólóhùn kejì kò tọ́ka sí ohun kan pàtó. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó sọ pé "Is important" kò gbàgbé ohunkóhun. Òfin èdè rẹ̀ ni ó tẹ̀ lé. Yorùbá sún mọ́ Gẹ̀ẹ́sì níhìn-ín, nítorí pé "ó" inú (1a) kò ṣeé yọ sílẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í hàn níwájú "kò".

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí nínú gbólóhùn ìbéèrè àti ìyísódì. "No vivo aquí" ni elédè Sípáníìṣì ń sọ fún 'N kò gbé ibí'. Kò sí wúnrẹ̀n kankan níbẹ̀ tí ó dúró fún "do" inú "I do not live here". "Do" yìí kò ní ìtumọ̀ tirẹ̀. Iṣẹ́ gírámà nìkan ni ó ń ṣe. Ìdí nìyí tí "I no live here" fi ń jáde lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́.

3. "Tener" àti "be"

Sípáníìṣì a máa lo "tener", tí ó túmọ̀ sí 'ní', ní àwọn ibì kan tí Gẹ̀ẹ́sì ti ń lo "be":

(2) (a) Tengo hambre. I am hungry. Ebi ń pa mí.
(b) Tengo veinte años. I am twenty years old. Ọmọ ogún ọdún ni mí.

Láti inú (2) ni "I have hunger" àti "I have twenty years" ti wá. Ẹ kíyè sí (2a) dáadáa. Nínú Sípáníìṣì, ebi jẹ́ ohun tí ènìyàn ní. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ àpèjúwe ni. Nínú Yorùbá, ebi gan-an ni olùwà, ènìyàn sì ni àbọ̀. Ìrírí kan náà ni, ọ̀nà tí èdè kọ̀ọ̀kan ń gbà sọ ọ́ ni ó yàtọ̀. Ẹni tí ó bá ń túmọ̀ ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan yóò ṣìnà dandan.

4. Àwọn ọ̀rọ̀ tí ó jọra lójú

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀rọ̀ inú èdè méjèèjì ni ó ti inú èdè Látìn wá. "Hospital" àti "animal" jẹ́ ọ̀kan náà lákọsílẹ̀ àti ní ìtumọ̀. Èyí ni ó ń jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́kàn lé ìjọra tí kò tọ́:

(3) (a) embarazada 'aboyún'. Embarrassed 'ẹni tí ojú ń tì'
(b) librería 'ilé ìtàwé'. Library 'ilé ìkàwé'
(c) constipado (ní Sípéènì) 'ẹni tí ọ̀fìnkìn ń ṣe'. Constipated 'ẹni tí kò rí ìgbẹ́ yà'

Ọ̀rọ̀ yìí kọjá ẹ̀rín. Ní 1980, ní ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà, wọ́n gbé ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 18 kan dé ilé ìwòsàn. Àwọn ẹbí rẹ̀, tí wọ́n jẹ́ ará Kúbà, rò pé ohun tí ó jẹ ni kò bá a lára mu. "Intoxicado" ni wọ́n ń pe irú àìsàn bẹ́ẹ̀. "Intoxicated" ni àwọn oníṣègùn gbọ́, wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ bí ẹni tí ó lo oògùn ní àlòjù. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ń dà nínú ọpọlọ rẹ̀. Kí wọ́n tó mọ̀, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rọ pátápátá.

5. Àṣìṣe tí kò ti inú Sípáníìṣì wá

Ọ̀rọ̀-ìṣe Sípáníìṣì ní àfòmọ́ ìparí púpọ̀ ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ. Bí ti Lado bá ni, "-s" inú "She works" kò yẹ kí ó nira fún wọn. Síbẹ̀, "She work" ni wọ́n sábà máa ń sọ. Ní 1974, Heidi Dulay àti Marina Burt fi àwọn ọmọdé elédè Sípáníìṣì wé àwọn elédè Ṣáínà tí wọ́n ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Wúnrẹ̀n gírámà 11 ni wọ́n yẹ̀ wò. Wọ́n rí i pé bí àwọn ọmọ náà ṣe ń mọ̀ wọ́n tẹ̀ léra fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà, láìka bí èdè wọn ṣe yàtọ̀ síra sí. Lára èyí tí ó ń pẹ́ kí wọ́n tó mọ̀ ni "-s" yìí wà.

6. Ìgúnlẹ̀

Àṣìṣe kò dọ́gba, nítorí náà ìtọ́jú wọn kò gbọdọ̀ dọ́gba. Fún ti olùwà, "do" àti "tener", kí olùkọ́ gbé gbólóhùn èdè méjèèjì kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Fún àwọn ọ̀rọ̀ tí ó jọra, kí ó fi wọ́n kọ́ni nínú odindi gbólóhùn, kí ó sì kìlọ̀ nípa wọn ní kùtùkùtù, pàápàá àwọn tí ó jẹ mọ́ ìlera. Fún "-s", sùúrù àti ìlò léraléra ni oògùn rẹ̀. Ìbáwí kò lè mú un yá.