Ààwẹ̀ Àgbà àti Ẹ̀tọ́ Ọmọ Kékeré Nínú Ilé



   

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ohun tó ń ba ààwẹ̀ jẹ́. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa kéékèèké ni, àwọn tí ààwẹ̀ kò tíì di ọ̀ranyàn lé lórí, ṣùgbọ́n tí wọ́n ń gbé inú ilé kan náà pẹ̀lú aláàwẹ̀. Gbogbo wa la mọ ẹ̀tọ́ Ọlọ́hun lórí wa nínú oṣù yìí. Ẹ̀tọ́ ọmọ ọdún méjì, ọmọ ọdún mẹ́rin ńkọ́? Òun náà ní ẹ̀tọ́, Ọlọ́hun yóò sì bi wá léèrè rẹ̀. Kókó ọ̀rọ̀ wa nìyí: àgbà ló ń gba ààwẹ̀, kò yẹ kí ìyà rẹ̀ bọ́ sórí ọmọdé.

Ẹ jẹ́ ká wo bí a ṣe ń gbé ní Ìwáyà wa níbí. Ọ̀sà ń bẹ lẹ́yìn wa, Mákòko ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, Oníkè àti Yunifásítì Èkó kò jìnnà sí wa. Ọ̀pọ̀ ilé wa, yàrá kọjú sí yàrá ni, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ló gba àárín wọn kọjá. Bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè wà nínú yàrá kan ṣoṣo. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ohun tí àgbà bá ṣe, ara ọmọ ló ń bà. Bí a bá ń dáná sààrì, ẹ̀bá ẹní ọmọ tó ń sùn ni. Bí ebi bá mú bàbá bínú, ọmọ kò ní yàrá mìíràn tí yóò sá sí. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí fi kàn wá gan-an.

Sààrì ni a ó ti bẹ̀rẹ̀. Nǹkan bíi aago mẹ́rin ìdájí, oorun ṣì wà lójú, iná mànàmáná lè má sí. Ìyá tan sítóòfù tàbí gáàsì sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọmọ jí, ó ń wá ìyá rẹ̀ kiri nínú òkùnkùn, bẹ́ẹ̀ ìkòkò omi gbígbóná wà nílẹ̀. Ṣé ẹ rí i pé kò dìgbà tí ẹnikẹ́ni bá hùwà ìkà kí jàǹbá tó ṣẹlẹ̀? Nítorí náà, ẹni kan kọ́ ló yẹ kó máa ṣe sààrì. Bí ẹnì kan bá ń dáná, kí ẹnì kejì máa mójú tó ọmọ. Ẹ̀yin bàbá, a ń bá yín wí o. Nígbà tí wọ́n bi ìyá wa Àíṣà léèrè ohun tí Ànábì (SAW) máa ń ṣe nínú ilé, ohun tó sọ ni pé iṣẹ́ àwọn ará ilé rẹ̀ ló máa ń bá wọn ṣe títí àkókò ìrun yóò fi tó. Ọkùnrin tó jókòó sórí ẹní tó ń dúró de oúnjẹ, kó gbé ọmọ sọ́wọ́. Sùnnà ni, kì í ṣe àbùkù.

Bí omi gbígbóná bá dà sí ọmọ lára, omi tútù lásán ni kí ẹ máa dà sí ojú ibẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má fi ẹyin sí i, ẹ má fi epo pupa sí i, ẹ má fi ọṣẹ ìfọyín sí i. Kẹrosíìnì ńkọ́? Ẹ má rọ ọ́ sínú ìgò mínírà tàbí ike omi, nítorí ọmọ tí òùngbẹ ń gbẹ yóò rò pé omi ni. Bí ó bá sì ṣèèṣì gbé e mì, ẹ má fún un ní epo pupa mu, ẹ má fi tipá mú un bì. Bó bá ti ń bì í, kẹrosíìnì náà lè gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ, ìyẹn ló sì léwu jù. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ kíákíá.

Lẹ́yìn sààrì, ó kan oúnjẹ ọ̀sán. Nínú ilé aláàwẹ̀, kò sí àgbà tó ń jẹun lọ́sàn-án, ó sì rọrùn kí a gbàgbé pé ẹnì kan wà tí ebi ń pa lóòótọ́. A ó nawọ́ bísíkíìtì sí ọmọ láàárọ̀, a ó ní kó lọ ṣeré, ó tún di ìṣínu. Ní Èkó níbí, láti ìgbà tí ojúmọ́ bá là títí di ìgbà tí oòrùn bá wọ̀, ó lé ní wákàtí mẹ́tàlá. Inú ọmọdé kéré, kò lè gba oúnjẹ tí yóò gbé e tó bẹ́ẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ọmọ tó wà láàárín oṣù mẹ́sàn-án sí ọdún méjì yẹ kó jẹun lẹ́ẹ̀mẹta sí ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́, yàtọ̀ sí ọmú, kó sì tún rí ìpápánu jẹ láàárín. Ọmọ oṣù mẹ́fà sísàlẹ̀ ní tirẹ̀, ọmú ìyá nìkan ló tó o, kò nílò omi, kò nílò àgbo.

Kí wá ni ṣíṣe? Láti ìgbà sààrì ni kí ẹ ti ronú oúnjẹ ọmọ. Ẹ bu ẹ̀kọ gbígbóná sínú fúláàsì. Ẹ fi mọ́ínmọ́ín tàbí ẹ̀wà rírò pamọ́ sínú abọ́ tó ní ìdérí, kí ẹ sì tún un gbé kaná dáadáa kí ọmọ tó jẹ ẹ́. Ẹja yíyan tí a ń rà lọ́wọ́ àwọn ìyá tó ń yan ẹja ní Mákòko, ẹ yọ egungun rẹ̀ dáadáa, ẹ rún un sínú ẹ̀kọ fún un. Kí ẹ sì máa fún un ní omi tó mọ́, omi tí a ti sè tí a jẹ́ kó tutù. Ní ọdún 2024 àti 2025, inú oṣù March ni púpọ̀ nínú ààwẹ̀ bọ́ sí, ìgbà tí ooru ń mú. Ọmọdé tó ń sáré kiri nínú ooru kì í rántí bèèrè omi. Àgbà tí kò mu omi fúnra rẹ̀ sì lè gbàgbé láti fún un.

Bí ìgbẹ́ gbuuru bá ń ṣe ọmọ, ẹ má dá ọmú dúró, ẹ má dá oúnjẹ dúró. Ẹ gba ìyẹ̀fun ORS ní ilé ìwòsàn tàbí lọ́dọ̀ olóògùn, kí ẹ pò ó mọ́ omi mímọ́ bí a ṣe kọ ọ́ sára ọ̀rá rẹ̀, kí ẹ máa fún un mu díẹ̀díẹ̀. Ẹ bèèrè oògùn zinc pẹ̀lú, ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá ni wọ́n ń lò ó. Bí ẹ bá rí i pé ojú rẹ̀ jìn wọnú, tó ń sunkún tí omijé kò jáde, tí kò tọ̀ mọ́, tàbí tó kàn ń sùn ṣáá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ pé ẹ ó dúró di ìgbà tí ẹ bá ṣínu. Ẹ gbé e dìde lójú ẹsẹ̀. Bí ìrìn náà bá sì mú kí ààwẹ̀ le fún yín débi ewu, Ọlọ́hun ti fi àyè sílẹ̀ láti san án padà. Ẹ̀mí ọmọ kò ṣeé san padà.

Ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú náà ńkọ́? Súúrà Bákárà, áyà 233, sọ̀rọ̀ nípa fífún ọmọ lọ́mú fún ọdún méjì gbáko, áyà 185 nínú súúrà kan náà sì fi yé wa pé ìdẹ̀ra ni Ọlọ́hun ń bá wa wá nínú òfin ààwẹ̀. Mazhab Màlíkì tí ọ̀pọ̀ wa ń tẹ̀ lé nílẹ̀ Yorùbá, tí àwọn àfáà fi ìwé Risala ti Ibn Abi Zayd kọ́ wa, gbà pé ìyá tó bá ń bẹ̀rù fún ọmọ ọmú rẹ̀ lè tú ààwẹ̀. Yóò san ọjọ́ náà padà tó bá yá, yóò sì bọ́ tálákà kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, ẹ̀yin ọkọ àti ẹ̀yin ìyá ọkọ, bí ìyàwó bá sọ pé wàrà òun ti ń gbẹ, ẹ má sọ pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ ló kéré. Àyè tí Ọlọ́hun fún un, kí ọmọ aráyé má gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹnì kan lè bi wá pé, ṣé kí a má wá kọ́ ọmọ ní ààwẹ̀ ni? Rárá o. Rubayyi' ọmọ Mu'awwidh, obìnrin kan nínú àwọn sàábé, ròyìn bí wọ́n ṣe ń jẹ́ kí àwọn ọmọ wọn gba ààwẹ̀ ọjọ́ Áṣúrà. Wọ́n á fi irun àgùtàn ṣe ohun ìṣeré fún wọn. Bí ọmọ bá sunkún oúnjẹ, wọ́n á gbé ohun ìṣeré náà fún un títí àkókò ìṣínu. Ẹ wo ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀. Ọjọ́ kan ni, kì í ṣe odidi oṣù. Àwọn ìyá ti ronú ẹkún ọmọ sílẹ̀. Eré ni wọ́n fi rẹ̀ ẹ́, wọn kò fi pàṣán rẹ̀ ẹ́.

Àwa náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún méje tàbí mẹ́jọ tí ara rẹ̀ le, tó fúnra rẹ̀ sọ pé òun fẹ́ gbà á, ẹ jẹ́ kó gbà á dé aago mẹ́wàá, lọ́jọ́ mìíràn kó gbà á dé ìrun Àìlà. Ẹ yìn ín, kí ẹ sì fún un lóúnjẹ. Ẹ má fi ọmọ aládùúgbò tó gba ààwẹ̀ dalẹ́ dójú tì í. Ọmọ tí a bá dójú tì ni yóò lọ mu omi níkọ̀kọ̀, tí yóò nu ẹnu, tí yóò wá sọ pé òun ń gba ààwẹ̀. Ebi la fẹ́ kọ́ ọ, irọ́ ló wá kọ́. Ẹ ṣọ́ irọ́ tiwa náà. Abdullah ọmọ Amir ròyìn pé ìyá òun pe òun nígbà tí òun wà ní kékeré pé kí òun wá gba nǹkan. Ànábì (SAW) bi í pé kí ló fẹ́ fún ọmọ náà. Ó ní dàbínù ni. Ànábì wá jẹ́ kó mọ̀ pé ká ní kò ní nǹkan kan láti fún un, irọ́ ni wọn ìbá kọ sí i lọ́rùn. Bí ẹ bá ti ṣèlérí àkàrà ìṣínu fún ọmọ, ẹ fún un ní àkàrà náà.

Lẹ́yìn Alásárì, ara ti rẹ gbogbo wa, ohùn á sì máa le. Ẹ jẹ́ ká rántí Aqra ọmọ Habis. Ó rí Ànábì (SAW) tó fẹnu ko Hasan lẹ́nu, ó ní òun bí ọmọ mẹ́wàá, òun kò sì fẹnu ko ọ̀kan lẹ́nu rí. Èsì tí Ànábì fún un ni pé aláìláàánú kò ní rí àánú. Àánú tí a ń wá kiri nínú oṣù yìí, ara ọmọ tó jókòó tì wá la ti máa kọ́kọ́ wá a.

Ó kù sí ọ̀rọ̀ àṣámù. Àwọn kan máa ń lé ọmọdé jáde ní mọ́ṣáláṣí bí ajá. Ànábì (SAW) wà lórí ìforíkanlẹ̀ lọ́jọ́ kan, ọmọ-ọmọ rẹ̀ gun ẹ̀yìn rẹ̀, kò sì gbé orí sókè títí ọmọ náà fi ṣe tán. Bí ó bá sì gbọ́ ẹkún ọmọ nígbà ìrun, a máa dín ìrun kù nítorí ìyá ọmọ. Ọdún méje ló ní kí a bẹ̀rẹ̀ sí í pa ọmọ láṣẹ ìrun, kò sì sí ọ̀rọ̀ ìbáwí títí di ọdún mẹ́wàá. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ìrun márùn-ún lójúmọ́ fún ọdún mẹ́ta lé ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún ìrun. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún ìgbà ni a ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ pè é kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ìbáwí. Ta ló wá ní àṣẹ láti gbá ọmọ ọdún mẹ́rin létí nítorí pé ó sáré kọjá níwájú ìlà ìrun? Kí ọmọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀. Èyí tí oorun bá ń kùn, kí ẹnì kan nínú ilé dúró tì í. Ẹni tó dúró ti ọmọ kò pàdánù láádá lọ́dọ̀ Ọlọ́hun tó mọ ìdí tó fi dúró.

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, bí Ramadan bá lọ tán, àwọn ọmọ wọ̀nyí kò ní rántí iye rákà tí a kí. Wọn yóò rántí bóyá ilé dùn nígbà ààwẹ̀ tàbí ilé le. Ohun tí wọ́n bá rántí yẹn ni wọn yóò máa pè ní ẹ̀sìn nígbà tí wọ́n bá dàgbà. Ẹ jẹ́ ká fún wọn ní oúnjẹ lásìkò, ká dáàbò bò wọ́n lọ́wọ́ iná, ká sọ òótọ́ fún wọn, ká fi sùúrù pè wọ́n sí ìrun.

Kí Ọlọ́hun gba ààwẹ̀ wa, kó bá wa wo àwọn ọmọ wa, kó ṣe wọ́n ní ìtura ojú fún wa láyé àti lọ́run. Àmín.