Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ọjọ́ 2,300 inú ìwé Dáníẹ́lì

Ẹ ṣí Bíbélì yín sí Dáníẹ́lì 8:14. Lẹ́yìn ọjọ́ 2,300, a ó wẹ ibi mímọ́ mọ́. William Miller, àgbẹ̀ onítẹ̀bọmi kan ní ìpínlẹ̀ New York, ní àmì ni ọjọ́ wọ̀nyí: ọjọ́ kan dúró fún ọdún kan, bíi ti Númérì 14:34. Ó ní ayé yìí ni ibi mímọ́ náà, ìpadàbọ̀ Jésù ni yóò sì wẹ̀ ẹ́ mọ́.

Ìṣirò òun àti àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ rèé. Ọdún 457 ṣáájú ìbí Kristi, tí ọba Páṣíà fún Ẹ́sírà láṣẹ, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ yọ 457 kúrò nínú 2,300, ó ku 1,843. Ṣùgbọ́n kò sí ọdún òdo láàárín sànmánì méjèèjì, nítorí náà ó bọ́ sí 1844. Samuel Snow, ọ̀kan nínú àwọn ọmọlẹ́yìn Miller, ló wá dárúkọ ọjọ́ gan-an: 22 Oṣù Kẹwàá.

Jésù ò dé. Àwọn kan ti fi irè oko wọn sílẹ̀ láìkó. Wọ́n sunkún títí ilẹ̀ fi mọ́. Ọ̀rọ̀ wọn ń ká mi lára, nítorí ìfẹ́ ni wọ́n fi ń retí rẹ̀. Àmọ́ Mátíù 24:36 ti sọ ọ́ gbangba pé ẹnikẹ́ni ò mọ ọjọ́ náà.

Àwọn díẹ̀ nínú wọn tún Ìwé Mímọ́ yẹ̀ wò. Wọ́n ní ọjọ́ náà tọ̀nà, ṣùgbọ́n pé ọ̀run ni ibi mímọ́ náà wà. Láti ọ̀dọ̀ wọn ni ìjọ Seventh-day Adventist ti jáde ní 1863. Ní 1914, David Babcock, míṣọ́nnárì ìjọ náà, mú ẹ̀kọ́ wọn dé Erúnmu, lẹ́bàá Ìbàdàn.