Ilé-ẹjọ́ Gíga: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Ọmọ Ẹgbẹ́ Mọ̀

 Nígbà tí àwa alábẹ̀wò bá dé ìpàdé tí owó ẹ̀yáwó ti há sọ́wọ́ ẹnì kan, ọ̀rọ̀ tí a sáábà máa ń gbọ́ ni pé, “Ẹ jẹ́ kí a gbé e lọ sí Háíkọ́ọ̀tù!” Ó yẹ kí á mọ irú ilé tí ilé náà jẹ́ kí á tó gbọ̀nà ibẹ̀.

Láyé àtijọ́, ààfin Ẹlẹ́kọ̀lé, Ọlọ́yẹ́ àti Olójùdó ni ẹjọ́ ńlá máa ń parí sí, olúkúlùkù ní ìlú tirẹ̀. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dé, wọ́n gbé kóòtù tiwọn kalẹ̀. Láti 1914, àwọn ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ni ó ń dá ẹjọ́ nínú kóòtù tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwa ará òkè, lọ́yà kankan kò sì gbọdọ̀ gbẹnu sọ fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Òfin 1933, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1934, ni ó pa kóòtù wọ̀nyí rẹ́, tí ó sì fi Ilé-ẹjọ́ Gíga àti kóòtù Májísíréètì rọ́pò wọn. Lẹ́yìn òfin ìjọba 1954, Ìwọ̀-Oòrùn ní Ilé-ẹjọ́ Gíga tirẹ̀. Ní 1976 a bọ́ sí abẹ́ ti Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Nígbà tí a sì dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 1996, àwa náà ní tiwa. Adó ni olú rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n adájọ́ ń jókòó ní Ìkọ̀lé pẹ̀lú.

Òfin ìjọba 1999 ni ó gbé e ró lónìí. Adájọ́ Àgbà ni olórí rẹ̀. Ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 10 nídìí iṣẹ́ lọ́yà kò lè di adájọ́ níbẹ̀. Adájọ́ kan ṣoṣo tó láti gbọ́ ẹjọ́. Agbára rẹ̀ gbòòrò: ìpànìyàn, ìdigunjalè, ilẹ̀, gbèsè, àdéhùn. Olùpẹjọ́ yóò kọ ẹ̀sùn rẹ̀ sílẹ̀, olùjẹ́jọ́ yóò fèsì, àwọn ẹlẹ́rìí yóò sọ ohun tí wọ́n mọ̀, àwọn lọ́yà yóò sì rò ó. Láti ìgbà tí àròyé ìkẹyìn bá ti parí, adájọ́ gbọdọ̀ ṣe ìdájọ́ láàrin 90 ọjọ́. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ lè pẹ́ púpọ̀ kí ó tó dé ibi àròyé náà. Ẹni tí ìdájọ́ ìkẹyìn lórí gbèsè tàbí ilẹ̀ kò bá tẹ́ lọ́rùn ní oṣù 3 láti gba Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn lọ.

Níbo wá ni ó ti kàn wá? Òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti 1993 sọ pé bí aáwọ̀ lórí iṣẹ́ ẹgbẹ́ bá ṣẹlẹ̀ láàrin ọmọ ẹgbẹ́ sí ọmọ ẹgbẹ́, tàbí láàrin ọmọ ẹgbẹ́ àti ìgbìmọ̀, ọ̀dọ̀ Olùdarí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní ìpínlẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ gbé e lọ. Ó lè parí rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì lè yan onílàjà. Gbèsè ẹgbẹ́ wà nínú èyí, ìbáà jẹ́ pé ajigbèsè jẹ́wọ́ rẹ̀ tàbí kò jẹ́wọ́. Bí ìpinnu náà bá ti fìdí múlẹ̀, a lè fi agbára kóòtù mú un ṣẹ bí ìdájọ́ gan-an. Ẹgbẹ́ tí ó bá fo ọ̀nà yìí lè náwó lọ́yà títí, kí adájọ́ sì dá a padà sẹ́yìn.

Olè jíjà yàtọ̀. Bí akápò bá kó owó ẹgbẹ́ jẹ, ọ̀ràn ìjọba ni. Ọlọ́pàá ni kí ẹ fi tó létí.

Àwọn àgbà ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ìwé ẹ̀yáwó, orúkọ àti ìbuwọ́lùwé àwọn onídùúró, àti ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé wà ní pípé. Iwájú onílàjà ni o, iwájú adájọ́ ni o, àwọn ni ẹlẹ́rìí tí kì í gbàgbé.