Àgbàlá Ilé Ẹ̀kọ́ Pàápàá Lè Kọ́ Ọmọ

Ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ abúlé ilẹ̀ Yorùbá, àgbàlá ilé ẹ̀kọ́ tí a gbá mọ́ tónítóní, tí koríko kan kò yọjú níbẹ̀, ni àwọn ènìyàn ń pè ní àgbàlá tí ó dára. Àwọn àgbà tí wọ́n fi àṣà yìí lélẹ̀ kò ṣìṣe, nítorí pé ejò kì í rí ibi sá pamọ́ sí lórí ilẹ̀ tí ó mọ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí kò ní ìbòrí kò lè dúró de òjò. Lọ́dọọdún ni àgbàrá ń wọ́ erùpẹ̀ rẹ̀ lọ, títí ìpìlẹ̀ ilé yóò fi yọ sí gbangba; àwọn ọmọ sì wà nínú ilé, wọ́n ń da àwòrán ewé àti gbòǹgbò kọ láti ojú pátákó.

Oko ilé ìwé kì í ṣe ohun tuntun. Àwọn tí wọ́n wọ ilé ìwé ní ọdún 1955, nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà, mọ̀ ọ́n dáadáa. Wọ́n mọ àléébù rẹ̀ pẹ̀lú: ní ibòmíràn, ọmọ a kọ ebè títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi bó, iṣu a sì di ti olùkọ́. Nítorí náà, bí òbí bá kùn nígbà tí ó gbọ́ pé a fẹ́ lo àgbàlá, ó ní ìdí. Ẹ̀kọ́ ni ó gbọ́dọ̀ ṣáájú iṣẹ́.

Ọ̀pá kan ṣoṣo tí a rì mọ́lẹ̀ ní òòró tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, àwọn ọmọ yóò fi òkúta sàmì sí ibi tí òjìji rẹ̀ dé. Ní agbègbè Ìbàdàn, òjìji ọ̀sán gangan a máa kọjú sí àríwá ní oṣù kejìlá, a sì yí padà sí gúúsù ní oṣù kẹfà. Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹrin, àti ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, oòrùn a dúró sókè ọ̀pá náà gan-an, òjìji a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá.

Agolo tí ẹnu àti ìdí rẹ̀ fẹ̀ dọ́gba ni a fi ń wọn òjò, pẹ̀lú rúlà. Bí òjò mìlímítà 10 bá rọ̀ sórí òrùlé tí ó gùn ní mítà 20, tí ó sì fẹ̀ ní mítà 8, omi tí ó ṣàn kúrò níbẹ̀ tó lítà 1,600, èyí tí yóò kún àgbá onílítà 200 mẹ́jọ. Ìṣirò tí ó ti sú ọmọ nínú ìwé a wá di ọ̀rọ̀ omi mímu. Kí a dé àgbá, kí a sì máa da omi agolo nù láràárọ̀, kí ẹ̀fọn má baà pamọ sínú wọn.

Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n ṣe ebè méjì sí ibi tí ilẹ̀ ti dagun, kí wọ́n fi ewé gbígbẹ bo ọ̀kan, kí wọ́n sì da omi tí ó dọ́gba sórí méjèèjì. Omi tí ó ṣàn láti ara ebè tí a kò bò yóò pọ́n bí àmọ̀. Àwọn ọmọ fúnra wọn ni yóò sọ ibi tí ó yẹ kí a gbin koóko ọba sí láti dènà àgbàrá. Ẹnu ọ̀nà ilé nìkan ni kí ó wà ní gbígbá mọ́, nítorí ejò.

Ewúrẹ́ ni ọ̀tá tí ó kù. Àwọn kan a máa fi làpálàpá ṣe ọgbà, ṣùgbọ́n májèlé ni kóró rẹ̀ fún ọmọ tí ó bá pa á jẹ. Igi akòko tàbí pèrègún sàn jù: bí a bá gé e tí a rì í mọ́lẹ̀, yóò hù.

Àgbàdo tí a gbìn ní oṣù kẹrin yóò ti gbó kí ìsinmi gígùn tó dé. Kí ìpàdé òbí àti olùkọ́ ti pinnu ẹni tí yóò jẹ ẹ́ kí a tó gbin èyí àkọ́kọ́. Kí àwọn ọmọ wọ̀n ọ́n, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé tí òbí èyíkéyìí lè ṣí wò.